Ayálégbé àti Ọkọ̀ Àtúnrọ Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Bí àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí bá rí ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, wọn ì bá fi ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ kún àpẹẹrẹ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò ní ilé, wọn kò ní ilẹ̀, wọn kò sì ní ilé iṣẹ́ ńlá. Inú gáréèjì kékeré tí wọ́n háyà lọ́wọ́ onílé ni wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ ògbólógbòó tí ayé ti pa tì di ọkọ̀ tí ń fi ti ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn lójú títì. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní hot rod. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kí n ṣàlàyé ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń tò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àti ìdí tí ó fi yẹ kí àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga fetí sí ìtàn rẹ̀.

Orúkọ wo ni kí á pè é?

Bí a bá túmọ̀ orúkọ yìí ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, 'ọ̀pá gbígbóná' ni yóò jáde, ìyẹn kò sì bá ibì kankan mu. Àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ náà pàápàá kò fi ẹnu kò lórí orírun rẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tọ́ka sí. Àwọn mìíràn ní orúkọ ọkọ̀ aláìlórùlé kan tí à ń pè ní roadster ni wọ́n gé kúrú. Ní tèmi o, mo dábàá kí á máa pè é ní ọkọ̀ àtúnrọ. Ìdí ni pé bí ọkọ́ bá jẹ tán lọ́wọ́ àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ kì í sọ ọ́ sí ààtàn. Yóò dá a padà sínú iná, yóò fi irin mìíràn kún un, yóò sì tún un rọ kí ó lè mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ògbólógbòó náà nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ó tún yẹ kí á ya gáréèjì sọ́tọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá dárúkọ gáréèjì, ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí mo ń sọ nípa rẹ̀ yìí ni yàrá tí a kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé tàbí sí ẹ̀yìnkùlé, tí a ń gbé ọkọ̀ sí lálẹ́. Èyí tí ó gba ọkọ̀ kan ṣoṣo kì í sábà fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, gígùn rẹ̀ kì í sì í sábà ju ogún lọ. Bí a bá gbé ọkọ̀ sínú rẹ̀ tán, díẹ̀ ni ààyè tí ó kù fún ènìyàn láti na apá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Henry Ford fúnra rẹ̀ jẹ́ ayálégbé. Nínú ilé kékeré kan lẹ́yìn ilé tí ó háyà ní òpópónà Bagley ní ìlú Detroit ni ó ti to ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó parí ní oṣù kẹfà ọdún 1896. Nígbà tí ó fẹ́ gbé e jáde ni ó rí i pé ẹnu ọ̀nà kò gbà á. Ford kò dúró gba àṣẹ. Àáké ni ó mú, ó sì fọ́ bíríkì ara ògiri náà kí ọkọ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Ilé onílé ni o!

Láti ọdún 1908 títí di ọdún 1927, ilé iṣẹ́ tí Ford dá sílẹ̀ ṣe ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ Model T tó mílíọ̀nù 15. Model A ni ó tẹ̀ lé e, títí di ọdún 1931. Bí ọkọ̀ bá ti pọ̀ tó báyìí, èyí tí ó gbó náà yóò pọ̀. Ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ lè fi owó táṣẹ́rẹ́ ra ọ̀kan. Ní ọdún 1932 ni Ford wá gbé ẹ́ńjìnnì V8 jáde nínú ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà. Sílíńdà mẹ́jọ ni ó ní, mẹ́rin ní apá ọ̀tún, mẹ́rin ní apá òsì. Ìwọ̀n rẹ̀ tó lítà 3.6, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 65. Ṣáájú àkókò yìí, ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́jọ jẹ́ ohun tí a ń rí nínú ọkọ̀ àwọn olówó. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ Ford ọdún 1932 fi dà bí ọba láàrin àwọn ọkọ̀ àtúnrọ títí di òní.

Àwọn ọ̀dọ́ gúúsù California a máa kó ọkọ̀ wọn lọ sí aṣálẹ̀ Mojave, sórí adágún gbígbẹ bíi Muroc, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú pẹrẹsẹ tí ó sì le bí ilẹ̀ ilé tí a bo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọn eré ọkọ̀ wọn. Ní ọdún 1937, àwọn ẹgbẹ́ wọn para pọ̀ dá Southern California Timing Association sílẹ̀ kí ìwọ̀n náà lè péye. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ irin jíjó, ìmọ̀ ẹ́ńjìnnì, àti owó díẹ̀ nínú àpò. Ní oṣù kìíní ọdún 1948, Robert E. Petersen gbé ìwé ìròyìn Hot Rod jáde. Ní ọdún 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sáré lórí ilẹ̀ oníyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah.

Kò yẹ kí á fi apá kan ìtàn pamọ́. Gbogbo wọn kọ́ ni ó ń lọ sí aṣálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fi òru sáré ìje láàrin ìgboro. Wọ́n ń pa ara wọn, wọ́n sì ń pa aláìṣẹ̀. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí wò wọ́n bí ọmọ ìta. Ọ̀nà tí àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà gbà wẹ orúkọ wọn mọ́ ni pé wọ́n wá ibi tí a ti lè sáré láìpa ẹnìkejì. Ní ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìje lórí pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Santa Ana. Ní ọdún 1951, Wally Parks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá National Hot Rod Association sílẹ̀, òfin ààbò sì di ara eré náà.

Bí a ṣe ń tò ó

Kí àlàyé mi lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, kí á sì pè é ní Ayálégbé. Ó ń gbé Los Angeles, ó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ó sì háyà gáréèjì kan. Kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe?

Kì í ṣe ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rà. Onílé ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ilé ni ó ka títún ọkọ̀ ṣe léèwọ̀, àwọn ìlú kan sì ní òfin tiwọn lórí irú iṣẹ́ tí a lè ṣe láàrin ilé gbígbé. Ariwo òòlù, èéfín, ọ́ìlì tí ó dà sílẹ̀, iná tí a fi ń jó irin: gbogbo rẹ̀ ni ó lè di ẹjọ́. Ohun tí a bá ti kọ sínú ìwé kò ní dìjà lọ́la. Lẹ́yìn èyí, Ayálégbé gbọ́dọ̀ fi òfin kan de ara rẹ̀: ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ pẹ́ láìní ẹsẹ̀. Bí onílé bá ní kí ó kó jáde ní ìparí oṣù, ọkọ̀ tí ó dúró lórí táyà mẹ́rin ṣe é tì jáde. Èyí tí ó wà ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ègé nínú páálí kò ṣe é tì síbì kankan. Ẹni tí ó ni ilé lè gbàgbé òfin yìí. Ayálégbé kò lè gbàgbé rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ni ṣáṣì, irin gígùn méjì tí a fi irin ìdábùú so pọ̀, tí gbogbo nǹkan yòókù jókòó lé. Bí ṣáṣì bá wọ́, ọkọ̀ kò ní rìn tààrà láé, bó ti wù kí a kùn ún tó. Báwo ni Ayálégbé ṣe máa mọ̀ bóyá ó wọ́? Okùn ìwọ̀n lásán ni yóò lò. Yóò wọ̀n ọ́n láti igun ọ̀tún iwájú dé igun òsì ẹ̀yìn. Yóò tún wọ̀n ọ́n láti igun òsì iwájú dé igun ọ̀tún ẹ̀yìn. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, igun kò yẹ̀. Bí wọn kò bá dọ́gba, kí ó tètè tún un ṣe kí ó tó gbé ohunkóhun lé e. Ìmọ̀ ìṣirò tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni èyí. Ẹni tí ó bá rò pé kò wúlò, kí ó wá wo gáréèjì.

Lórí ṣáṣì ni ara ọkọ̀ ń jókòó lé. Ibí ni ọkọ̀ àtúnrọ ti ń gba ìrísí tirẹ̀. Wọn a máa yọ mọ́dígáàdì orí táyà kúrò, wọn a sì máa yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nígbà mìíràn, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Wọn a máa gé òpó tí ó gbé òrùlé dúró kí òrùlé lè wálẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́nà púpọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí gbogbo ara ọkọ̀ súnmọ́ ilẹ̀, wọn a gé ilẹ̀ inú ọkọ̀, wọn a sì sọ ara náà kalẹ̀ yí ṣáṣì ká. Lóòótọ́ ó ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ni ó kọ́kọ́ fà á. Ẹni tí kò lówó láti ra agbára kún agbára ni ó ń bọ́ ẹrù sílẹ̀ kí agbára kékeré tí ó ní lè tó o lò.

Bíréèkì ṣáájú ẹ́ńjìnnì

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ẹ́ńjìnnì máa ń wọ̀ lójú. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà, òun ni wọ́n ń ṣe lóge. Ẹni tí ó gbọ́n a máa kọ́kọ́ ṣe bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fi ìlọ́po méjì eré tirẹ̀ sáré, kì í ṣe ìlọ́po méjì ipá ni bíréèkì ní láti pa. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, ipá náà di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bíréèkì tí Ford fi sára ọkọ̀ ọdún 1932 jẹ́ èyí tí ọ̀pá irin ń fà. Ìgbà tí ó di ọdún 1939 ni ilé iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí lo èyí tí omi bíréèkì ń tì. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà fi ń yọ bíréèkì ara ọkọ̀ ọdún 1939 sí 1948, tí wọ́n sì ń gbé e sára ti 1932. Lónìí, bíréèkì onípẹlẹbẹ ti wà tí a lè rà tuntun. Èyíkéyìí tí ó bá lò, kí Ayálégbé rántí pé ẹsẹ̀ ọmọ aládùúgbò wà lójú títì tí òun fẹ́ wà á gbà.

Ẹ́ńjìnnì ni ó wá kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: ó ń fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, ó ń kì í pọ̀, ó ń tanná sí i, ó sì ń tú èéfín rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò fi wọlé púpọ̀ sí i, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ tó ni epo tí ó lè jó tán yóò ti pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi kábúrétọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ojú ẹyọ kan. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí wọ́n fi ń pààrọ̀ kámúṣáàfù, irin tí ń pinnu ìgbà tí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ yóò ṣí àti bí yóò ti ṣí tó. Inú gáréèjì àti ṣọ́ọ̀bù kékeré ni àwọn tí ó di baba ìsàlẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, bíi Vic Edelbrock àti Ed Iskenderian, ti bẹ̀rẹ̀: àkọ́kọ́ nínú wọn ń ṣe ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ó gba kábúrétọ̀ méjì, èkejì ń lọ kámúṣáàfù.

Ṣùgbọ́n V8 àtijọ́ ti Ford ní àléébù kan. Ọ̀nà tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde la àárín irin ẹ́ńjìnnì kọjá, nítorí náà ó tètè máa ń gbóná. Nígbà tí Chevrolet gbé V8 tirẹ̀ jáde ní ọdún 1955, èyí tí ó kéré, tí ó fúyẹ́, tí agbára rẹ̀ sì pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ ti Ford kúrò nínú ọkọ̀ Ford, wọ́n sì fi ti Chevrolet sí i. Ibí ni ọgbọ́n wà: ẹni tí ń to ọkọ̀ àtúnrọ kò bá ilé iṣẹ́ kankan mulẹ̀. Ohun tí ó bá dára ni yóò mú.

Lẹ́yìn èyí ni jíà, sítíárìn, rédíétọ̀, sàlẹ́ńsà àti wáyà iná. Ọgbọ́n pàtàkì kan sì wà tí àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà kì í fi ṣeré. Wọn a to gbogbo ọkọ̀ náà láìkùn ún, wọn a wà á wò, wọn a gbọ́ ohun tí ń ké àti ohun tí ń jò, kí wọ́n tó tú u palẹ̀, kí wọ́n sì wá kùn ún. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kun ọkọ̀ yóò tún jó irin lórí ọ̀dà tuntun, yóò sì fi owó rẹ̀ jóná.

Ewu ń bẹ

Gáréèjì kékeré lè pa ènìyàn kí ọkọ̀ tó sáré. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè. Kò wà fún dídúró dè é. Ẹni tí yóò bá wọ abẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbé e lé ẹsẹ̀ irin tí ó dúró gbọin. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, oorun ni ẹni tí ó fà á símú yóò rò pé ó ń kun òun, oorun náà sì lè má dúró. Ooru epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń gbà rìn bí ejò. Nínú ọ̀pọ̀ gáréèjì Amẹ́ríkà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí ń gbóná omi fún ilé wà, iná kékeré sì lè wà lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí epo bá dà síbẹ̀, ilé onílé lọ nìyẹn, àti ẹni tí ń sùn lókè pẹ̀lú.

Ewu kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú iná. Àìparí ni. Owó ilé kì í sùn. Oṣù tí Ayálégbé kò fọwọ́ kan bóòtù kan, owó ilé ń lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ti kú sínú páálí báyìí nítorí pé ẹni tí ó ni ín tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí kò sì kọ orúkọ sára ohunkóhun. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó bá ń ṣe ohun kan parí kí ó tó bọ́ sí òmíràn ni ó ń wà á jáde.

Bí ó bá sì parí, ìjọba ṣì ń dúró dè é. Ní California, ọkọ̀ tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò àti ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ kí ó tó lè rìn lójú títì. Ààyè 500 péré ni òfin sì yọ̀ǹda lọ́dún fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kí a fi òfin ọdún tí ìrísí wọn tàbí ẹ́ńjìnnì wọn jọ díwọ̀n èéfín wọn.

Kí ni ó kàn wá?

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń wá nínú ìwé ìròyìn Yorùbá? Ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni ó gbàgbé bọ̀lẹ̀kájà, tí àwọn káfíńtà wa fi pákó kan ara fún lórí ṣáṣì lọ́rì Bedford? Mólùé tí Èkó fi lókìkí ńkọ́? Orí ṣáṣì lọ́rì Mercedes 911 ni àwọn ajórin wa ti tò ó. Ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti di ará ilé láti ayé ẹrú, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí ó wọ̀lú ṣáájú ọdún 1960 ṣì ń rìn, ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ mìíràn sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ wọn.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó. Àìní ni ó mú ti Kúbà àti tiwa wá. Ìfẹ́ ni ó mú ti Ayálégbé wá. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn ọ̀dọ́ California kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀. Wọ́n wọn eré ọkọ̀ wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́, wọ́n tẹ ìwé ìròyìn, wọ́n ṣe òfin ààbò. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ohun tí ìlú ń pè ní ìwà ọmọ ìta ti di iṣẹ́ tí ń bọ́ ẹgbàágbèje ènìyàn. Ta ni ó kọ ìwọ̀n tí àwọn tí ó to mólùé lò sílẹ̀? Ta ni ó béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe irin kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kú? Àwa tí a ń kọ́ èdè ni iṣẹ́ yẹn já lé léjìká. Mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun wa kí ọ́ìlì má baà tà sí i.

Ní ìparí, ilé ayé yìí fúnra rẹ̀, ilé tí a háyà ni. Onílé kò sì sọ ọjọ́ tí yóò ní kí á kó jáde. Ẹ jẹ́ kí á dúró lórí táyà mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí á ṣe bíréèkì ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí a bá sì ti ọwọ́ àwọn àgbà gbà, bí ó ti wù kí ó gbó tó, kí á má ṣe sọ ọ́ sí ààtàn. Àtúnrọ ni kí á tún un rọ.